Nọ́ńbà Ìsàlẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bi Ọmọ

Ẹ kọ 3/4 síwájú ọmọ pírámárì, kí ẹ ní kó sọ ohun tó rí. Ọ̀pọ̀ wọn yóò dáhùn pé, "Mẹ́ta àti mẹ́rin." Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá rí nọ́ńbà méjì níbẹ̀ yóò máa lò wọ́n bíi nọ́ńbà méjì: yóò ro ti òkè pọ̀ mọ́ ti òkè, yóò ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, yóò sì máa wò ó pé kí ló dé tí tíṣà fi fa igi pupa sí i. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni 3/4. Ó ju ìdajì lọ, kò tó odidi kan, ó sì ní ojú ibi tó wà lórí rúlà gẹ́gẹ́ bí 5 ṣe ní tirẹ̀. Ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ó ní ìlà láàárín, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Màá pẹ́ lórí ti ìsàlẹ̀ jù, nítorí òun ni a máa ń sáré kọjá ní kíláàsì, òun náà ló sì ń da ọmọ láàmú títí dé sẹ́kọ́ńdìrì.

Ẹ jẹ́ ká mú odidi búrẹ́dì kan, ká gé e sí mẹ́rin, dọ́gbadọ́gba. Ọmọ kan jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní denominator ní ilé-ìwé, ló ń sọ iye tí a gé odidi náà sí: mẹ́rin. Kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́, kò sì bìkítà bóyá ó kù tàbí kò kù. Nọ́ńbà òkè, numerator, ló ń ka iye tí ọ̀rọ̀ wa kàn nínú ohun tí a ti gé: mẹ́ta. Àtòkè la ti ń pè é, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n àtìsàlẹ̀ ló yẹ ká ti máa rò ó, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè mú ìdá nínú ohun tí a kò tíì pín.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fò, ìyẹn "dọ́gbadọ́gba". Tí ẹ̀gbọ́n bá gé búrẹ́dì sí mẹ́rin, tó mú èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, tó wá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin péré lòun mú, irọ́ ló pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ mẹ́rin ló wà nínú àwo lóòótọ́. Ọmọ tó ń sunkún pé ti ẹ̀gbọ́n òun pọ̀ jù ti mọ ohun tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń béèrè, kódà kí wọ́n tó kọ́ ọ ní lẹ́tà kankan. Mo máa ń rò pé tíṣà tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹkún yẹn yóò rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn ju èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀dù.

Ìlà àárín kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Pínpín ni ìtumọ̀ rẹ̀: 3/4 ni 3 tí a pín sí ọ̀nà 4. (Nínú ìwé ìròyìn, ìlà náà máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí àyè, nínú ìwé ọmọ, ó máa ń dùbúlẹ̀. Ìkan náà ni.) Ẹ gbé búrẹ́dì mẹ́ta fún ọmọ mẹ́rin. Ẹ gé ìkọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan lára búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ mẹ́ta ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ìdá mẹ́rin-mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó pín búrẹ́dì mẹ́ta fún ènìyàn mẹ́rin àti ẹni tó jẹ mẹ́ta nínú ẹyọ mẹ́rin dé ibì kan náà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti kàwé jáde tí wọn kò rí i rí pé ìkan náà ni.

Ìlà yẹn kò tilẹ̀ tíì pẹ́ láyé tó bí a ṣe rò. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Íńdíà máa ń kọ òkè lé ìsàlẹ̀ láìfa nǹkan kan sí àárín. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá Áfíríkà, níbi tí a ń pè ní Maghreb, ló fa ìlà sí i ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá. Orúkọ al-Hassar wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ wọn. Leonardo ará Pisa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fibonacci, kọ́ ìṣirò ní èbúté Bejaia tó wà ní Àlùjíríà òde òní, ó sì gbé ìlà náà dé ilẹ̀ Yúróòpù nínú ìwé rẹ̀, Liber Abaci, lọ́dún 1202. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ni wọ́n wú mi lórí jù. Nínú ìwé papírọ́ọ̀sì tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 kí wọ́n tó bí Jésù, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń kọ. Wọn yóò ya àmì ẹnu sórí 4, ó di ìdá kan nínú mẹ́rin. Yàtọ̀ sí 2/3 tó ní àmì tirẹ̀, ìdá kan-ìdá kan ni gbogbo ìyókù, tí 3/4 fi jẹ́ 1/2 àti 1/4 tí a tò tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n fi èyí wọn ilẹ̀, wọ́n fi pín ọkà àti búrẹ́dì fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀rí gidi rèé pé ènìyàn lè ṣe ìṣirò tó jinlẹ̀ láìsí nọ́ńbà òkè tó ń yí padà. Láìsí ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Kò ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọmọ ti máa ń kọ́kọ́ ṣubú. Ẹ bi í pé èwo ló tóbi jù, 1/4 tàbí 1/8. Yóò mú 1/8, nítorí láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti kọ́ ọ pé 8 ju 4 lọ. Kò mọ̀ pé bí iye tí a gé nǹkan sí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Àgbàlagbà tí kò lọ ilé-ìwé rárá kì í ṣe àṣìṣe yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ogún. Nínú Súrà An-Nisá, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú tí kò fi ọmọ sílẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí ọkọ náà bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Kò sí opó kan tí yóò gbọ́ 8 kó máa yọ̀ pé ti òun ti lé sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdámẹ́wàá tí àwọn onígbàgbọ́ ń san àti sàká orí owó tó jẹ́ 1/40. Lára 40,000 náírà, 1/10 jẹ́ 4,000, 1/40 jẹ́ 1,000. (Àpẹẹrẹ ìṣirò ni o, iye tí owó gbọ́dọ̀ tó kí sàká tó wọ̀ ọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ààfáà.) Tí ọmọ yín bá ń tẹ̀ lé yín lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ń gbọ́ ìdá lóòrèkóòrè. Ẹ kàn bá a fà á yọ.

Ogún ni kí a ṣì dúró lé lórí, nítorí kò sí ibi tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín Yorùbá tó ti ogún. Ọ̀nà méjì la ń gbà pín ohun tí bàbá olóbìnrin púpọ̀ fi sílẹ̀. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ ni a ó fi pín in; nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ. Ẹjọ́ ogún kan wà ní Èkó tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà mọ̀, Dawodu àti Danmole. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé náà ní. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ yí i padà sí ìdí-igi lọ́dún 1958. Ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù sì fọwọ́ sí ìdí-igi lọ́dún 1962.

Ẹ gbé òfin tì, kí ẹ wo ìṣirò inú rẹ̀. Ogún kan náà ni, kò dín, kò lé. Tí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, 9 ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba 1/9. Tí ó bá jẹ́ ìdí-igi, 4 ni, ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan gba 1/4, kí ó tó wá di pé àwọn ọmọ ìyá kan náà tún un pín láàárín ara wọn. Ká ní ìyàwó kan bí ọmọ kan ṣoṣo: ọmọ yẹn nìkan ló ni 1/4. Ká ní òmíràn bí mẹ́rin: ìkọ̀ọ̀kan wọn gba ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 1/16. Ẹ̀yin náà rí i pé kò sí ẹni tó ń jà lórí nọ́ńbà òkè. Ìkan-ìkan ni fún gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé dé Lọ́ńdọ́nù.

Ìdí tí ìdá kan nínú mẹ́rin ti 1/4 fi di 1/16 náà kò le. Ojúlé kan nínú mẹ́rin la mú, a tún gé e sí mẹ́rin. Tí a bá gé àwọn ojúlé yòókù bẹ́ẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni odidi yóò jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ìsàlẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀. Bákan náà ni ìdajì ṣe lè di 2/4 tàbí 3/6 tàbí 50/100 láì yí padà: bí a ṣe ń tún ẹyọ gé ni iye ẹyọ tó wà lọ́wọ́ wa ń pọ̀ sí i, òkè àti ìsàlẹ̀ jọ ń ga ní ìwọ̀n kan náà, oúnjẹ inú àwo kò sì yí.

Àròpọ̀ wá ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìwé ọmọ ni ẹ ti máa rí 1/2 + 1/3 = 2/5. Kí ẹ tó bá a wí, ẹ ní kó wo ìdáhùn ara rẹ̀. Ìdajì 5 jẹ́ méjì àti ààbọ̀, nítorí náà 2/5 kò tó ìdajì. Báwo ni ènìyàn ṣe ní ìdajì lọ́wọ́, tí wọ́n tún fi nǹkan kún un, tó wá dín sí ìdajì? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò rẹ́rìn-ín síra rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín yẹn sì wúlò ju ẹgba lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó ka ewúrẹ́ méjì mọ́ iṣu mẹ́ta, ó ní ó di márùn-ún; márùn-ún kí ni? Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló ń sọ irú ẹyọ tí a ní lọ́wọ́, nọ́ńbà òkè ló ń kà á. Kíkà ni a lè rò pọ̀, a kì í ro irú pọ̀. Nítorí náà, a ní láti kọ́kọ́ sọ wọ́n di irú kan náà. Tí a bá gé búrẹ́dì sí mẹ́fà, ìdajì di 3/6, ìdá kan nínú mẹ́ta di 2/6. Ẹyọ mẹ́ta àti ẹyọ méjì, márùn-ún, irú rẹ̀ ṣì ni ìdá mẹ́fà-mẹ́fà, 5/6. Mẹ́fà kò kúrò ní ìsàlẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó tún búrẹ́dì gé.

Àwọn yòókù kò gba àkókò. Òkè lè ju ìsàlẹ̀ lọ: 7/4 ni ẹyọ méje nínú àwọn ẹyọ tí mẹ́rin rẹ̀ ń ṣe odidi kan, ìyẹn odidi kan àti 3/4, ó sì fi hàn pé búrẹ́dì tó wà nílẹ̀ ju odidi kan lọ. Òkè àti ìsàlẹ̀ lè dọ́gba, bíi 4/4, ó di odidi. Òkè lè jẹ́ òdo, bíi 0/4: a gé e, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́. Ìsàlẹ̀ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, nítorí kò sí bí a ṣe lè pín nǹkan sí ọ̀nà tí kò sí.

Ìbéèrè kan ló kù tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń bi wá tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ìwé kì í bi ọmọ: odidi wo? Ìdajì búrẹ́dì ńlá àti ìdajì búrẹ́dì kékeré kì í ṣe ìkan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1/2 la kọ sí méjèèjì. Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn, ẹ rántí ọdún 1979.

Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Òfin ìdìbò sọ pé kò tó kí olùdíje ní ìbò tó pọ̀ jù. Ó tún gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú ìpínlẹ̀ tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ní ìbò 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti UPN ní 4,916,651. Ìpínlẹ̀ 12 ni Shagari ti ní ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn. Ẹ pín 19 sí mẹ́ta, ó di 6 àti 1/3. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 12 àti 2/3. Awólọ́wọ̀ ní ìpínlẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gé, 13 ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò NPN, ní 12 àti 2/3 ni ìṣirò sọ, nítorí náà nínú ìpínlẹ̀ kẹtàlá, Kánò, ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ibẹ̀ tó. Àjọ elétò ìdìbò gbà á, wọ́n kéde Shagari ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Atanda Fatai-Williams, dá Shagari láre ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án. Adájọ́ Kayode Eso kò fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, Shagari búra.

Ẹ wo ìṣirò Kánò. Ìbò 1,220,763 ni wọ́n dì níbẹ̀, Shagari ní 243,423. Ẹ fi ti òkè lé ti ìsàlẹ̀: ó jẹ́ 19.94 nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó 25. Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta 1,220,763 jẹ́ 813,842, ìdá kan nínú mẹ́rin èyí sì jẹ́ 203,460 àti ààbọ̀. 243,423 ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rékọjá.

Òfin kọ́ ni mo ń tú o, ìṣirò ni. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni wọ́n gé kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nọ́ńbà òkè ni wọ́n fi sílẹ̀ lódidi. Tí a bá gé Kánò kù, àwọn tó dìbò fún Shagari ní Kánò ń gbé inú Kánò yẹn kan náà. Ìbò tirẹ̀ náà ní láti kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 162,282. Ẹ wá fi 162,282 lé 813,842. Ó padà di 19.94 nínú ọgọ́rùn-ún gan-an, nítorí ohun tí a bá ṣe sí ìsàlẹ̀ tí a sì ṣe sí òkè kì í yí ìdá padà. Èyí kan náà ni 1/2 tó di 3/6 lórí búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ pírámárì tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ì bá bi ilé-ẹjọ́ léèrè.

Lónìí, ìpínlẹ̀ 36 la ní, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 24 géérégé. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ka Àbújá mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìkẹtàdínlógójì, ó tún di 24 àti 2/3. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá gbé iṣẹ́ àmúrelé dé, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ìdáhùn. Ẹ fọwọ́ bo nọ́ńbà òkè, kí ẹ bi í ní ohun méjì nípa ìsàlẹ̀: kí ni odidi ibẹ̀, ọ̀nà mélòó ni a sì pín in sí? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí òkè. Ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yé kíláàsì yín, ẹ bi wọ́n pé èwo ló tóbi jù, 5/6 tàbí 7/8, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi pẹ́ńsù kan ìwé. Ìkan-ìkan ló kù kí méjèèjì di odidi: 1/6 ló kù fún ti àkọ́kọ́, 1/8 fún ti èkejì. 1/8 ló kéré jù nínú ohun tó kù, nítorí náà 7/8 ló tóbi jù. Ọmọ tó bá sọ ìdí yìí lẹ́nu ara rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ òkè, ó ti mọ iṣẹ́ ìsàlẹ̀. Ẹ lè gbé e lọ sí àròpọ̀.